Dá sílẹ̀ kọ́ ni dá láre

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, àmọ́ n kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ìyá kan ládùúgbò wa ló fà á tí mo fi gbé bírò lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló wọlé tọ̀ mí wá, ó ká ìwé ìròyìn yín mọ́ abíyá. Ẹ̀kọ ló ń tà. Ògì ṣì funfun ní èékánná rẹ̀, ara rẹ̀ ń rùn fún ewé eéran. Kò jókòó, kò sì fọwọ́ kan omi tí ìyàwó mi gbé fún un. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka sí ìròyìn kékeré kan nísàlẹ̀ ojú ewé keje, ó ní, “Bàbá Tápítà, ẹ bá mi kà á. Ọmọ àbúrò mi ni. Ṣé ó ti bọ́?”

Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni pé kóòtù “dá a sílẹ̀”. Mo kà á, mo tún un kà. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. N kò rí èsì fún ìyá yìí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá lèmi náà, ọdún márùndínlógójì ni mo sì fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, síbẹ̀ n kò lè sọ bóyá ọmọ náà ti bọ́ tàbí kò tíì bọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè sá pamọ́ sẹ́yìn “dá a sílẹ̀” tí akọ̀ròyìn yín kọ yẹn: “bail”, “discharge” àti “acquit”. Ẹni tí wọ́n gba béèlì rẹ̀ ṣì ń padà bọ̀ wá jẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n “discharge” ń lọ sílé, àmọ́ wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n “acquit” ló lè sùn kó han-anrun.

Kí orúkọ tí ìyá yẹn pè mí má yà yín lẹ́nu. Tápítà làwọn àgbà ń pe ògbufọ̀, pàápàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí oníwàásù ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnìkan ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí i sí Yorùbá. Tèmi kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ iṣẹ́ kóòtù ní 1981, mo fẹ̀yìn tì ní 2016. Òfin ilẹ̀ wa ní olùjẹ́jọ́ tí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ fún un. Èmi nìyẹn. Ẹnu mi ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbọ́ ohun tí ayé wọn dà.

Ẹnu yìí kan náà ló ṣì wí ní 1985.

Ọdún kẹrin tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí kóòtù májísíréètì tí mo wà, wọ́n ní ó jí ẹ̀rọ ìlọta. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń sún ẹjọ́ náà síwájú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba dìde, ó ní àwọn fẹ́ fa ìwé ẹ̀sùn náà padà. Májísíréètì wo ìwé iwájú rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, “The accused is discharged.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ó ti ń na ọwọ́ sí fáìlì mìíràn.

Èmi ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu mi. Mo kọjú sí olùjẹ́jọ́, mo gbé ohùn sókè: “Ilé ẹjọ́ dá ọ láre!”

Ìyá rẹ̀ fò dìde lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ó tú gèlè, ó fi gba ìdí, ó ń jó bọ̀ níwájú títí ọlọ́pàá fi ní kó jáde. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún májísíréètì, ó dọ̀bálẹ̀ fún akọ̀wé kóòtù, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún èmi. Wọn kò tíì rìn dé ìdí igi máńgòrò tó wà níwájú ọgbà tí ọlọ́pàá méjì fi dì í mú. Ìwé ẹ̀sùn tuntun ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti tún un kọ, wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn kún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún gbé e lọ síwájú májísíréètì mìíràn.

Ìyá náà kò bá ọlọ́pàá jà. Ó padà wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń kó ìwé mi jọ, gèlè ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n dá a láre?” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá mi, tó ti ń ṣe ògbufọ̀ kí n tó dáyé, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ, dá sílẹ̀ kọ́ ni dá láre.” Ó wá là á yé mi. Bí ọlọ́pàá bá fa ẹ̀sùn padà kí olùjẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wí tẹnu rẹ̀, “discharge” lásán ló sábà máa ń jẹ́; ìjọba lè tún gbé e wá. Àmọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀ tí ilé ẹjọ́ rí i pé kò jẹ̀bi, “discharged and acquitted” ladájọ́ ń sọ, méjèèjì pa pọ̀. Olóòtú, ẹ tẹ́tí sí èyí ẹ̀yìn. Òun lodi tó dúró láàárín èèyàn àti ọlọ́pàá. Abala 36, ẹsẹ 9, nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ti dá a láre tàbí dá a lẹ́bi, wọn kò gbọ́dọ̀ tún gbé e wá jẹ́jọ́ ọ̀ràn kan náà, àfi bí kóòtù tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ bá pàṣẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò tálákà ọ̀rọ̀. Kí òyìnbó tó gbé kóòtù dé ni àwọn baba wa ti ń sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. “Dá a láre” ni “acquit”, kò ku síbì kan. “Dá a sílẹ̀” ni “discharge”: wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀, wọn kò sọ pé ó jàre. Ẹni tí wọ́n sì gba onídùúró rẹ̀, wọ́n gba béèlì rẹ̀ ni. Ọmọ kékeré tó ń ta omi níwájú àgọ́ ọlọ́pàá mọ béèlì. Mẹ́ta ni ti Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta ni tiwa. Kí ló wá dé tí akọ̀ròyìn yín ń fi ẹyọ kan bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀?

“Suspect”, “accused” àti “convict” náà ń rí irú ìyà yìí. Ẹni tí ọlọ́pàá ń fura sí, afurasí ni. Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí i létí ní kóòtù, ó di olùjẹ́jọ́. Ó dìgbà tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi kó tó di ọ̀daràn. Mo rí i pé ẹ máa ń kọ “afurasí” nínú ìròyìn, inú mi sì ń dùn, àmọ́ àkọlé gàdàgbà tó wà lókè rẹ̀ á ní “Ọwọ́ tẹ ọ̀daràn mẹ́ta”. Ta ló dá wọn lẹ́bi láàárín àkọlé àti ìròyìn? Àkọlé sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró kà níwájú fẹ́ńdọ̀.

“Steal” àti “rob” ńkọ́? Ilé ayé ni olè ń jẹ́ olè, kóòtù kò gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. A ní “wọ́n jí ewúrẹ́ mi”, n kò rí wọn, mo jí lówùúrọ̀ n kò bá a. A ní “wọ́n jà mí lólè”, èyí ni pé ojú ko ojú, wọ́n hàlẹ̀ tàbí wọ́n lù mí. “Jí” ni “steal”. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló wà fún un bí kò bá ti ní àkànṣe kankan nínú. “Jà lólè” ni “rob”. Lábẹ́ òfin ìdigunjalè ti ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ ẹni náà, ikú ni.

Mo dárúkọ ohun ìjà, ó mú mi rántí alábàáṣiṣẹ́ mi kan tó ti dolóògbé. Ògbufọ̀ gidi ló padà dà. Àmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá jẹ́rìí pé àwọn mú olùjẹ́jọ́ “with arms”, òun náà sì tú u pé, “Wọ́n ní wọ́n bá apá lára rẹ.” Olùjẹ́jọ́ wo apá ọ̀tún, ó wo tòsì, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà, méjèèjì ni.” Kóòtù rẹ́rìn-ín títí, májísíréètì náà bojú rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa wá rántí pé akọ̀wé ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Májísíréètì ló ní kí wọ́n fagi lé e.

Lẹ́tà “s” yẹn ló jẹ́ bẹ́ẹ̀: “arm” ni apá, “arms” lè jẹ́ ohun ìjà. Nílé ìwé wọ́n kọ́ wa pé ó ń sọ nǹkan di púpọ̀ ni. Wọn kò sọ fún wa pé ó lè sọ nǹkan di nǹkan mìíràn. “Custom” ni àṣà. “Customs” làwọn aṣọ́bodè tó ń gbowó lórí ẹrù. “Minute” ni ìṣẹ́jú. “Minutes” ni àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ní oṣù tó lọ, ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé adájọ́ ní kí ilé iṣẹ́ kan “san ìbàjẹ́” fún opó kan. Ta ní ń san ìbàjẹ́, Olóòtú? “Damage” ni ìbàjẹ́. “Damages” ni owó gbà-má-bínú. Opó yẹn ti rí ìbàjẹ́ tó, ẹ má tún ní kí wọ́n san án fún un.

Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi kún fún ọ̀rọ̀ tó jọra tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ogun ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1066, William láti Normandy rékọjá omi, ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni òun àtàwọn ìjòyè rẹ̀ sì ń sọ. Faransé wá di èdè àwọn ọlọ́lá, Gẹ̀ẹ́sì di èdè oko. Ìdí nìyẹn tí ẹran kan fi ń jẹ́ orúkọ méjì: nígbà tó ń jẹko, “cow” ni, bí darandaran ṣe ń pè é, nígbà tó dénú àwo, “beef” ni, bí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni “sheep” ṣe ń di “mutton”. Lọ́dọ̀ tiwa, màlúù ni màlúù, ìbáà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìbáà wà nínú ọbẹ̀.

Ní kóòtù wọn náà, Faransé ni wọ́n fi ń rojọ́ nígbà náà. Ó di 1362 kí wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, torí pé ẹni tí wọ́n ń rojọ́ lé lórí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé dé, mo rẹ́rìn-ín. Àṣé àwọn náà nílò tápítà rí! Síbẹ̀ Faransé kò kúrò lẹ́nu lọ́yà. Títí dòní wọ́n ṣì ń so ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun kan náà pọ̀ ní méjì-méjì, “goods and chattels” fún ẹrù, “will and testament” fún ìwé ìhágún, wọ́n a sì ní kí ògbufọ̀ tú méjèèjì. “Chattel” tí mo dárúkọ yìí, ọmọ ìyá “cattle” ni: ẹran ọ̀sìn lọrọ̀ láyé ìjọ́sí. Ọ̀rọ̀ kan náà gba ẹnu Faransé oríṣi méjì kọjá, ìkan wá di màlúù, ìkan di ẹrù téèyàn lè gbé láti ibì kan sí ibòmíràn. “Warden” tó ń dárí mọ́tò ní oríta àti “guardian” tó ń tọ́ ọmọ òrukàn, irú ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Ẹ wá lọ sí oríta, kẹ́ ẹ pe wọ́dìn ní “guardian”, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ foríjì mí. Àgbà ni.

Ó ṣì ku ìkan tí n kò lè ṣàì sọ, torí mo gbádùn rẹ̀. “Housebreaking” àti “burglary”: fọ́lé-fọ́lé la ń pe méjèèjì. Nínú òfin tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fọ́ ilé onílé wọlé láti dá ọ̀ràn ńlá, ó lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Bó bá jẹ́ òru ló ṣe é, “burglary” nìyẹn, ó lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére. Ọ̀rọ̀ wá kù sí ìgbà tó ń jẹ́ òru. Òfin ní láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni. Ìyá àgbà kan wá jẹ́rìí pé “ní ìrọ̀lẹ́” lolè wọlé òun. Lọ́yà ìjọba ní kí n kà á sí “evening”, lọ́yà olùjẹ́jọ́ ní “late afternoon” ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn mú. Ìrọ̀lẹ́ wa kò ní aago lọ́rùn. Wọ́n ní kí n bi ìyá náà bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Ó rò ó, ó ní, “Adìẹ ti ń wọlé, àmọ́ àkùkọ ṣì wà níta.” Mo tú u bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnu tì lọ́yà méjèèjì.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ ìyàtọ̀ í pa. “Lend” àti “borrow” jẹ́ méjì lọ́dọ̀ wọn, “yá” kan ṣoṣo ni tiwa, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn táwọn ọmọ wa fi ń sọ “borrow me your biro”. Àmọ́ a mọ ẹni tó jẹ gbèsè. “Mo yá a lówó”: owó mi ló wà níta. “Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀”: èmi ni mo jẹ ẹ́. Lówó, lọ́wọ́: àmì kékeré abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló pààlà sáàárín ẹni tó ń sin owó àti ẹni tó ń sá. Nínú ìwé ìròyìn yín, “lowo” gbalasa lẹ máa ń tẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé òde òní kò ṣàìní àmì, ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní lẹ́tà ìdúpẹ́, wọ́n kọ “invaluable service” síbẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi kan ilẹ̀kùn mi, inú ń bí i: “Ọdún tí mo lò yìí, wọ́n ní iṣẹ́ mi kò níye lórí!” Mo ní rárá, ohun tí wọ́n wí ni pé kò ṣeé díyelé. Kò gbà títí mo fi gbé ìwé atúmọ̀ èdè sílẹ̀ fún un. “Kò” ni “in” ti ibí yìí lóòótọ́, àmọ́ “in” òyìnbó kì í fìgbà gbogbo jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Inflammable” tó wà lẹ́yìn táńkà epo, kò yàtọ̀ sí “flammable”: ó ń gbiná, wìì. Mo ti rí ọmọ mọ́tò kan tó fẹ̀yìn ti irú táńkà bẹ́ẹ̀ tó ń fa sìgá. N kò dúró bi í léèrè bó ṣe kà á.

Kí n padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ. Mo sọ fún un pé kó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan. Ó wò mí bíi pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Ó ní kí n má tàn òun, torí àbúrò òun ti ra ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì ti pe àwọn ará ilé ọkọ. Mo ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ná.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ bá mi bi akọ̀ròyìn yín léèrè: kí gan-an ladájọ́ sọ lọ́jọ́ náà? Kó má túmọ̀ rẹ̀ o. Kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu adájọ́, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé kan náà tí ẹ tẹ èyí àkọ́kọ́ sí. Ìyá náà ní òun á tún yà lọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ní àárọ̀ òní tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ewúrẹ́ ṣì wà lórí ìso.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ògbufọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.

(Orúkọ mi wà lẹ́yìn àpò ìwé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyá ẹlẹ́kọ kò fẹ́ kí àdúgbò mọ̀.)